Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ìka Kan Ṣoṣo

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe nílùú Ìlọrin, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2023, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Ẹni tó bá ń ránṣọ á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Aṣọ ti kún ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, oníbàárà kan ò tíì jáde tí òmíràn ti ń wọlé, iná ò sì dúró lójú kan. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kékeré bá mi gbé láínìn funfun tó wà lórí pẹpẹ òkè. Kò gbé e sọ̀kalẹ̀, ó jù ú sí mi. Mo na ọwọ́ òsì láti gbà á. Páálí líle tí wọ́n yí láínìn náà mọ́ ló wá sọ mọ́ ìka òrùka mi, ní ṣóńṣó orí rẹ̀ gan-an.

Ó ro mí dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, “Ẹ má bínú, Àǹtí, ẹ má bínú.” Mi ò lè dá a lóhùn. Mo ń gbọn ọwọ́, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ìyá oníwàrà tó máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù gbọ́ igbe mi, ó sì wọlé. Ìyá yìí fẹ́ràn mi bí ọmọ tó bí. Ó ní, “Mú un wá, ọmọ mi, ó yẹ̀ ni. Bí mo bá fà á tó bá dún, ó ti parí nìyẹn.” Ó di ìka mi mú, ó fà á. Kò dún. Ó tún fà á. Omi bọ́ lójú mi.

Mi ò bínú sí ìyá. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fa ìka fún wa, tí bọ́ọ̀lù bá ti bà á tàbí ilẹ̀kùn bá ti pa á. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Eegun lè ti sán. Iṣan lè ti já. Bí ẹ bá fa eegun tó sán, ẹ lè yà á nípa síwájú sí i. Bí ẹ bá sì fa iṣan tó ti já, kò ní so padà nítorí pé ẹ fà á. Ohun tó yẹ kí n ṣe lásìkò yẹn ò le rárá: kí n jókòó, kí n gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ, kí n ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì lọ́dọ̀ ọmọ tó ń kiri, kí n fi aṣọ wé e, kí n gbé e lé ìka náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Kí n tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, kí n kọ́kọ́ bọ́ òrùka.

Mi ò bọ́ òrùka. Mo ní tó bá dalẹ́ mà á bọ́ ọ.

Nígbà tí mo fi máa délé, ìka ti wú, òrùka sì ti rì sínú ara. Mo fi ọṣẹ pa á, mo tún fi òróró pa á, òrùka ò kúrò lójú kan. Ẹ̀rù bà mí, torí mo rí i pé ara tó wà lókè òrùka ń pọ́n, ó sì ń dán. Òwú ló gbà mí, èmi tí mo ń fi òwú jẹun lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ọ́n.

Mo gé òwú jíǹsì, nǹkan bí ọ̀pá kan. Mo fi ìdí abẹ́rẹ́ ńlá, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, ti etí òwú kan gba abẹ́ òrùka, kó yọ sí ìhà àtẹ́lẹwọ́. Mo ní kí ọmọbìnrin mi di etí yẹn mú. Ìyókù òwú ni mo wá ń wé mọ́ ìka láti ẹ̀gbẹ́ òrùka lọ sókè, kí wíwé kan fara kan èkejì, kí àyè má ṣe sí láàárín wọn, títí mo fi kọjá oríkèé àárín tó sábà máa ń há òrùka. Mi ò dé ibi tó ń dùn mí. Wíwé yẹn ló ń tẹ ara tó wú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gba etí tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi, tí mo ń tú òwú náà láti ìsàlẹ̀, tí mo ń fà á síwájú. Bí ó ṣe ń tú ni òrùka ń gun orí òwú bọ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi bọ́. Ẹ má jẹ́ kí òwú náà pẹ́ lórí ìka o, torí ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Bí kò bá bọ́, ẹ tú u kíá, kí ẹ lọ bá ẹni tí yóò gé òrùka náà. Òrùka tí wọ́n gé, alágbẹ̀dẹ wúrà á jó o padà.

Ibi tí ọgbọ́n mi parí sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo gbóná omi, mo fi aṣọ tó gbóná jó ìka náà, mo fi bàámù tó ń ta ara pa á, bẹ́ẹ̀ ooru lórí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, wíwú ló ń fi kún un. Mo wá mú rọ́bà tí a máa ń fi sí ìdí ṣòkòtò, mo fi di ìka náà gírígírí, mo lọ sùn.

Nǹkan bí agogo mẹ́ta òru ni mo jí. Ìka náà ò dùn mí mọ́, mo sì kọ́kọ́ dúpẹ́. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo rí i pé ó ti dúdú bí ìgbà tí èso àgbálùmọ̀ bá jẹrà, ó sì tutù. Mo fi ìka kejì tẹ̀ ẹ́, mi ò mọ nǹkan kan lára. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé rọ́bà náà. Ẹ̀jẹ̀ padà wọlé pẹ̀lú ìrora tí mi ò rí irú rẹ̀ rí, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ títí ìrun fi pè.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ bí a ṣe ń dán ìka tí a dì wò. Tẹ èékánná rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí o sì ju ọwọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí kò bá pọ́n padà, tàbí tó tutù, tàbí tó kú tipiri, tú ohun tí o fi dì í lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù tí wọ́n bá ń fi pákó ọparun di ọwọ́ ọmọdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí ọmọ ń ké, tí wọ́n ń sọ pé kó fara dà á. Ìyá ọkọ mi ní Àjàṣẹ́ Ìpo fẹ́ kí n lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn, àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ara tí a dì pa, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ mọ́, kíkú ló ń kú, gígé ni wọ́n sì ń gé e. Ẹni tó bá ń ké pé ìdì náà le jù, ẹ gbà á gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ohun kan tí mo yẹ kí n ti kà sí. Ìka mìíràn nà gbọrọ, ṣùgbọ́n orí ìka òrùka náà tẹrí ba, láti oríkèé ìkẹyìn tó sún mọ́ èékánná. Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e sókè, á nà. Bí mo bá ju ọwọ́ sílẹ̀, á tún tẹrí ba. Mo pàṣẹ fún un pé kó nà, kò gbọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́, mo sì rò pé wíwú ló fà á, pé bí wíwú bá lọ, á nà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rán aṣọ pẹ̀lú ìka yẹn.

Ó máa ń ká mi lára títí dòní. Tí ó bá ń dùn mí gan-an ni, ǹ bá ti lọ sí ilé ìwòsàn. Àìdùn rẹ̀ ló tàn mí. A ti gbà pé ohun tó bá lè mì, tí kò sì dunni púpọ̀, kò tíì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn níbi tó ti ń ti etí ṣíìtì bọ abẹ́ tìmùtìmù, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ariwo.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24, ni oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ Iléyá tirẹ̀. Kò tilẹ̀ wo aṣọ, ọwọ́ mi ló ń wò. Ó ní, “Àǹtí, láti ìgbà wo ni orí ìka yín ti wà báyìí?” Mo sọ fún un. Ó di oríkèé àárín ìka náà mú ṣinṣin, ó ní kí n na orí rẹ̀. Kò nà. Ó ní, “Iṣan kan wà lẹ́yìn ìka tó ń fa orí rẹ̀ sókè. Ibi tó ti so mọ́ eegun ìkẹyìn ni ó ti já. Èyí tó ń tẹ ìka wálẹ̀ níwájú kò já ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi tẹrí ba. Ẹ lọ ya ẹ́síréè lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, torí mo mọ bí aṣọ ṣe ń rí. Ẹnu aṣọ méjì tó ya, bí a bá fẹ́ kó pa dà lẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ko èkejì kí a sì gán an. Ẹni tó bá ń fà á nígbà tí a ń gán an lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kó lẹ̀ láéláé. Ìka tí mo fi ń ti aṣọ lọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tí mo fi ń tẹ ẹnu kọ́là, fífà ni mo ń fa ẹnu méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ́síréè fi hàn pé eegun ò ṣẹ́. Dókítà ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ní láti yà á: nígbà mìíràn, iṣan náà máa ń já pẹ̀lú fẹ́lẹ́ eegun lẹ́nu, bí fẹ́lẹ́ yẹn bá sì tóbi, tàbí tí oríkèé bá ti yẹ̀ kúrò níbi tó wà, iṣẹ́ abẹ lè wọ̀ ọ́. Ojú lásán ò lè rí ìyẹn. Tèmi ò dé bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ kan tó ní fóòmù nínú, ó fi plásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka mi, kó mú oríkèé ìkẹyìn nà tàntàn. Oríkèé àárín ni ó fi sílẹ̀ kó máa tẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tọ̀sán tòru. Ó wá tẹnu mọ́ ọn pé, “Bí orí ìka yìí bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a ó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní.”

Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́.

Mùsùlùmí ni mí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni mo ń ṣe àlùwàlá. Bí mo bá dé ibi ọwọ́, mà á tú plásítà, mà á yọ irin náà, mà á fọ ìka mi kí omi lè kàn án dáadáa, mà á nù ún, mà á dá irin padà. Mo rò pé ìṣẹ́jú kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Kò sì tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mo ń rú òfin dókítà, torí ti Ọlọ́run ló wà lọ́kàn mi. Ìgbàkígbà tí mo bá yọ irin náà, orí ìka á tẹrí ba.

Ọjọ́ 10 oṣù keje ni mo padà lọ. Dókítà tú u, ó wò ó, ó bi mí bóyá mo ń yọ ọ́. Mi ò purọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo rò pé mo ti kà, kò sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń gbé mi padà sílé, mo bojú, mo sunkún. Aṣọ mọ́kànlá ni mo ti gbé fún aránṣọ mìíràn kó bá mi rán kí Iléyá tó dé, àwọn oníbàárà tó ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́ ò sì gbà á dáadáa. Kí n wá tún bẹ̀rẹ̀!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ bá Àáfà àdúgbò wa. Ó yà á lẹ́nu pé mi ò bi í tẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá dì mọ́ egbò tàbí eegun nítorí ìwòsàn, a kì í tú u fún àlùwàlá nígbà tí títú rẹ̀ bá máa pani lára. Kí n fọ ibi tó ṣe é fọ̀, kí n fi ọwọ́ tútù pa orí ibi tí wọ́n dì, ó ti tó. Ó ní, “Ọlọ́run fẹ́ ìrọ̀rùn fún yín, kò fẹ́ ìnira.” Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ ọ́. Èyí ló mú mi kọ ìtàn yìí jù. Púpọ̀ wa nílùú yìí á rò bí mo ṣe rò. Ẹ bi Àáfà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá dì yín, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, mo sì kọ́ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ́ plásítà máa ń rin, ara á funfun, á hun jọ, á sì máa yún ni, torí náà ó di dandan kí a máa ṣí i fẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni pé mà á tẹ́ ọwọ́ lé orí tábìlì gbọrọ, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, kí tábìlì fúnra rẹ̀ máa gbé orí ìka dúró. Ibẹ̀ ni mà á ti tú plásítà, tí mà á nu ìka gbẹ, tí mà á jẹ́ kó rí atẹ́gùn, tí mà á sì tún un dì, láì gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì rárá. Ọmọbìnrin mi ló máa ń bá mi ṣe é. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, ọ̀rá ni mo ń fi wé ọwọ́ náà, tí mo ń fi rọ́bà tó rọ̀ dì í lọ́rùn ọwọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bi dókítà bóyá irin náà lè bọ́ sí ẹ̀yìn ìka dípò iwájú. Ó ní ó lè ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni mo padà sídìí máṣíìnì, torí ara ìka ni mo fi ń mọ aṣọ, ìyàtọ̀ sílíkì àti ṣífọ́ọ̀nù, ibi tó káwọ́ àti ibi tó tẹ́. Irin tó bá bo iwájú ìka ń fọ́ni lójú nínú iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún dókítà iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Èmi ò sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ó nà. Ó gan bí igi, ṣùgbọ́n ó nà. Dókítà ní kí n máa dì í lálẹ́ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, kí n má fi ọwọ́ kejì fi agbára tẹ̀ ẹ́. Mo ní sùúrù lọ́tẹ̀ yìí.

Oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù wá bá mi, bọ́ọ̀lù ti gbá ìka àárín rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fà á, ó sá wá sọ́dọ̀ mi. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ìka náà wọ́, bóyá eegun yọ, bóyá ó kú tipiri, bóyá ó yí àwọ̀ padà, torí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kò sí. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìrora. Mo di ìdí rẹ̀ mú, mo ní kó na orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó nà án tán pátápátá. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Oríkèé àárín ló wú. A fi yìnyín tí a fi tówẹ̀lì wé sí i, mo sì so ìka náà mọ́ ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú rírọ̀ láàárín méjèèjì, plásítà kan lókè oríkèé, òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹyọ kan ò gun orí oríkèé. Irú ìsopọ̀ yìí ò wúlò fún irú tèmi, nítorí pé kò ní kí orí ìka má tẹ̀. Mo ní kó máa rọra mì ín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kó má bàa gan, kó sì lọ ya ẹ́síréè bí wíwú ò bá lọ. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ mú un lọ láìdúró, eegun ò ṣẹ́.

Tèmi ò padà sí bó ṣe wà pátápátá. Bí mo bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì tí mo gé aṣọ lé, orí ìka òrùka òsì ṣì tẹrí ba díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, oríkèé rẹ̀ sì tóbi sí i díẹ̀. Dókítà ní irú rẹ̀ wọ́pọ̀ fún ẹni tó pẹ́ kó tó wá. Kò dí mi lọ́wọ́ aṣọ rírán. Òrùka ìgbéyàwó mi wà nínú agolo bọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù, ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ti máṣíìnì pa ni mo ń wọ̀ ọ́.